Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi kóòdù wa lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Bí ọmọ Kàbà kan bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹnìkan tó wà ní Ìsànlú àti ẹlòmíràn tó ti ṣí lọ sí Lọ́kọ́ja, kíkọ kóòdù kọ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Ìgbà tí oníkálukú bá fẹ́ fi ohun tó yí padà ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú: iṣẹ́ ẹnìkan á pòórá, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á kọ̀ kò ní ṣí, ọ̀rẹ́ á sì máa bínú sí ọ̀rẹ́. Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù, la ní láti fi yanjú èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń lò ó. Bí a ṣe ń lò ó ló kù díẹ̀ káàtó.

Èyí tí mo ń rí jù ni kí èèyàn má fọwọ́ kan Git rárá títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi dé. Á kọ kóòdù fún odidi ọ̀sẹ̀, á máa retí ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì máa já geere, lẹ́yìn náà ni yóò wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú commit (àkọsílẹ̀ àyípadà tí Git ń fi pamọ́) kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Commit kò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, kọ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tó ni BitKeeper, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, fagi lé àǹfààní ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń kọ Linux ń jẹ, ó ṣe é kí gbogbo ìtàn iṣẹ́ lè wà lórí kọ̀ǹpútà oníkálukú. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ pátápátá, ẹ ṣì lè ṣe commit, ẹ lè ya ẹ̀ka tuntun, ẹ lè wo ohun tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá. Push (fífi commit ránṣẹ́), fetch (gbígba ti ẹlòmíràn wá) àti pull (gbígbà á wá ká sì so ó pọ̀ mọ́ tiwa) ló ń wá íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń ṣe commit kéékèèké lójoojúmọ́, bí nẹ́tíwọ̀kì bá yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò á sì lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ogójì fáìlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá kọ "update" sí i, ìyà ló fi jẹ ẹni tí yóò kà á. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe: "Ṣàtúnṣe ìṣirò èlé fún ẹni tó san owó ṣáájú ọjọ́". Ó tó bẹ́ẹ̀.

Fáìlì zip lórí WhatsApp tún ń kọ́? Èyí ń dùn mí gan-an, torí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe é. "Ise_final", "ise_final_2", "ise_final_gangan". Ta ló mọ ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn? Ẹni tó gbà á á tú u lé orí tiẹ̀, ohun tó ti ń kọ láti àárọ̀ á sì lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, fódà node_modules (àwọn ohun èlò tí ètò JavaScript ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) á tún wà nínú rẹ̀, tí á máa jẹ dátà onídátà lásán. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò jẹ́ kí push lọ, Git ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀:

git bundle create ise.bundle main

Àṣẹ yìí á di gbogbo commit tó wà lórí main, ìyẹn ẹ̀ka tó jẹ́ olórí, sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ gbé e sórí flash, kí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sí Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, tó sì ti ní repo náà (fódà tí Git kó iṣẹ́ àti ìtàn rẹ̀ sí) tẹ́lẹ̀, á kọ git pull, á fi ibi tí ise.bundle wà àti orúkọ ẹ̀ka, main, tẹ̀ lé e, Git á sì so iṣẹ́ yín pọ̀ bí ìgbà tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Bí kò bá ní i rí, git clone -b main ise.bundle ise ni kó lò. Ìtàn iṣẹ́ kò ní já, kò sì sẹ́ni tó máa tú nǹkan lé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí.

Ẹ má tún máa sáré kọ git add . (àṣẹ tó ń kó gbogbo fáìlì sílẹ̀ fún commit) láì wo ohun tó wà nínú fódà. Ibẹ̀ ni fáìlì .env ti ń bá wọn lọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ tí ètò yín fi ń gba owó. Ẹ kọ git status láti rí orúkọ àwọn fáìlì náà, kí ẹ kọ git diff --staged láti rí ohun tó yí padà nínú wọn, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó ṣe commit. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde lọ, pípa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e kò ràn án, torí ó ṣì wà nínú ìtàn, ẹnikẹ́ni lè padà lọ kà á. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà níbi tí wọ́n ti fún yín, kí ẹ gba tuntun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ronú àtifi git filter-repo fọ ìtàn náà. Bákan náà ni fáìlì ńlá: GitHub, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ń kó repo sí, kì í gba fáìlì kankan tó ju 100 MB lọ, ẹ sì lè pa á rẹ́ lónìí kó ṣì máa kọ̀, torí commit àná ṣì gbé e dání.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá sínú ètò wa ní ìṣòro mìíràn tí wọn kì í sábà sọ fúnni. Ẹ wo lẹ́tà ẹ́ tó kẹ́yìn "ẹgbẹ́". Kọ̀ǹpútà kan lè kọ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára, kó wá fi àmì ohùn kún un. Òmíràn á kọ e lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi àmì ohùn sí i. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n Git rí i. Bí ètò tí ẹ fi ń kọ kóòdù bá yí gbogbo rẹ̀ padà láì sọ fún yín, diff á kún fún ìlà pupa àti ìlà aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀nà kan, NFC (ọ̀nà tó ń lo lẹ́tà tó ti ní àmì lára níbi tó bá wà) ló wọ́pọ̀, kí ẹ sì ṣe ìyípadà yẹn nínú commit tó dá dúró. Òpin ìlà tí Windows àti Linux ń kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà ń fa irú èyí; ẹ kọ * text=auto sínú fáìlì .gitattributes.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí --force, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi kún git push láti fipá mú un lọ. Ẹ ṣe push, Git ní "rejected", ó ní kí ẹ kọ́kọ́ fetch. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnìkan ti fi iṣẹ́ síbẹ̀ tí ẹ kò tíì rí. Ẹni tó bá fi --force dá a lóhùn ti lé iṣẹ́ ẹni yẹn kúrò lórí ẹ̀ka. Ẹ kọ git fetch, ẹ fi git log main..origin/main wo ohun tó dé, kí ẹ wá kọ git pull --rebase, tó máa to commit yín lé orí tiwọn. Lórí ẹ̀ka tó jẹ́ tiyín nìkan, bó bá di dandan kí ẹ tún ìtàn kọ, --force-with-lease ni kí ẹ lò. Á kọ̀ bí ẹlòmíràn bá ti fi nǹkan síbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má jáyà. Commit tó kúrò lórí server (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń push sí) ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, git reflog, tó ń tọ́jú ibi tí ẹ̀ka ti dé sẹ́yìn, sì lè bá a wá a rí. Ẹ tètè pè é lórí fóònù kó tó ṣe pull.

Bí iṣẹ́ yín àti tẹnìkejì bá wá takora lórí ìlà kan náà, Git á kọ méjèèjì sínú fáìlì kí ẹ yàn; ẹ má kàn mú tiyín kí ẹ sọ tẹnìkejì nù. Ẹ jẹ́ ká ní ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ ń kọ:

<<<<<<< HEAD
ele = 5
=======
ele = 3
>>>>>>> origin/main

Ẹ̀yin kọ 5, ẹnìkejì kọ 3. Git kò mọ iye èlé tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí nípàdé. Ẹni tó kọ 3 lè ti gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́. Ẹ bi í.

Èyí tó kù ni ti ìtìjú. Wọ́n tọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn parẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí àbúrò tó rí àṣìṣe nínú kóòdù ẹ̀gbọ́n tó sì fọwọ́ sí i láì sọ nǹkan kan. Ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ lè jọ rìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìlà kejìdínlógún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá san owó ṣáájú ọjọ́, ṣé èlé á ṣì máa pọ̀ sí i?" Ẹ̀gbọ́n náà ní iṣẹ́ tiẹ̀: kó dáhùn nínú repo níbẹ̀, lábẹ́ ìlà tí wọ́n bi í léèrè, kí ẹni tó máa dara pọ̀ mọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kó má sì pe àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ bá a wí.