Bí Mo Ṣe Gba Béèlì Àbúrò Mi Láìsan Rìbá

Ọ̀rọ̀ pákó ló gbé àbúrò mi dé àgọ́ ọlọ́pàá. Káfíńtà ni, Gáà Akanbí n'Ílọrin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọkùnrin kan san ìdajì owó wọ́dírọ́ọ̀bù fún un, pákó gbówó lórí, iṣẹ́ dúró, ọkùnrin náà sì bínú. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá gbé e. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí yóò mọ ìdí tó fi jẹ́ Jímọ̀: kóòtù kò ní í jókòó títí di ọjọ́ Ajé, ẹni tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á sì ti fẹ́ san iyekíye kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́.

Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti dá iye lé e. ₦40,000, wọ́n sì là á sí wẹ́wẹ́: owó bébà, owó fáìlì, owó epo ọkọ̀ tí wọ́n fi lọ gbé e, èyí tó kù jẹ́ ti ọ̀gá. Sájẹ́ǹtì tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jágbe mọ́ mi rárá. Mọ́mì ló ń pè mí. Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lọ sí báǹkì, oní-POS wà lẹ́yìn géètì. Lórí ògiri tó fẹ̀yìn tì gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní mò ń bọ̀.

Ilé wa ni wàhálà gidi wà. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́gbà wọn, bùrọ̀dá wa àgbà ti pè láti Omù-Àrán, wọ́n ti ń dáwó jọ. "Ṣé ìwọ lo máa tún Nàìjíríà ṣe ni? San án, kọ́mọ máa bọ̀ nílé. Ta ni kì í san án?" Ìyá wa ń sunkún lẹ́yìn wọn. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àwọn tí kì í san án wà. Nínú ìwádìí tí National Bureau of Statistics, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ṣe pẹ̀lú UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, lọ́dún 2016, ó lé díẹ̀ ní 46 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá tó fún wọn ní rìbá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2019, ó ti wálẹ̀ sí 33. Ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n mi kò ráyè gbọ́ ìṣirò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sì bá wọn wí.

Mo yà lọ́dọ̀ alfa wa ní Pàkátà. Wọ́n ka hádíìsì tí gbogbo wa ti mọ̀ fún mi, pé ègún ń bẹ lórí ẹni tó fúnni ní rìbá àti ẹni tó gbà á. Mo ti ń dìde. Wọ́n ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ kù. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n ń yàn jẹ, tí kò rí ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, bó bá san án, ọrùn ẹni tó gbà á nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Mo bi wọ́n bóyá kí n san án nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti wá ọ̀nà mìíràn ná?" N kò tíì wá a.

Ó ku ọ̀kan tí alfa kò lè bá mi dáhùn. Èmi ni mi ò fẹ́ sanwó, àbúrò mi ni yóò sùn sórí sìmẹ́ńtì. Ó rọrùn kéèyàn jẹ́ olódodo nígbà tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ̀fọn ń jẹ. Mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo padà síbẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn, mo tọ́ ọ wò. Nígbà tí wọ́n mú un jáde sí káńtà, mo bi í léèrè wẹ́rẹ́ pé kí ni kí n ṣe. Bó bá ní kí n san án, n ó san án, n ó sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi dání. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Àǹtí, bẹ́ ẹ bá san án, ọkùnrin yẹn á máa sọ káàkiri pé olè ni mí, pé owó la fi rà mí jáde. Ẹ jẹ́ n sùn."

Ibẹ̀ ni mo ti gbé iṣẹ́.

Agbẹjọ́rò kan wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo pè é lóru. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, fúnra rẹ̀ láti béèrè béèlì, kí n ṣe ẹ̀dà kan, kí n sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà náà pé àwọn ti gbà á. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni kó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, apá 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Èkejì, apá 35 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ọdún 1999: níbi tí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Ìlọrin la wà, kóòtù kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, kí n kọ ọ́ pé èmi gan-an ni onídùúró. Ó ní bí agídí wọn bá di ọjọ́ Ajé, kí n lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo mú káàdì iṣẹ́ mi, fọ́tò pélébé, bíìlì iná, rìsíìtì pákó tí àbúrò mi ti rà, àti fọ́tò férémù wọ́dírọ́ọ̀bù tó ti kàn tán. Mo jókòó síbi tí n ó ti rí ọkọ̀ DPO bó bá wọlé. Ìmọ̀ràn tí mo lè fún ẹlòmíràn nìyẹn: àárín káńtà sí yàrá ọ̀gá ni iye owó ti ń jáde, ẹ má dúró sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì pè mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti já a sí ₦25,000. Mo ní lẹ́tà ni mo mú wá.

Nígbà tí a dé iwájú ọ̀gá, sájẹ́ǹtì ní obìnrin kì í ṣe onídùúró. Mo ti retí èyí. Mo ní apá 167 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ torí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin kí wọ́n má gbà á ní onídùúró. DPO gbójú sókè. "Ṣé lọ́yà ni yín, mà?" Mo ní rárá sà, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ó bi sájẹ́ǹtì pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà. Jìbìtì, ó ní. Mo tẹ́ rìsíìtì àti fọ́tò sórí tábìlì. Ọ̀gá wò wọ́n pẹ́, lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí n kò retí: "Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ṣé ìjọba ń fún yín ní bébà?"

Ó mú mi níbẹ̀. A máa ń dáwó ra bébà ní ọ́fíìsì tèmi náà, mo sì mọ àwọn tó ń gbà á padà lọ́wọ́ ará ìlú tó wá gba ìwé lọ́dọ̀ wa. Mo ti jókòó ti wọn, mo ti bá wọn jẹun níbẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé wọn kì í fún wa. Ó mi orí, ó fọwọ́ sí lẹ́tà náà.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Àlàásárì ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ kan sọnù tí ẹnikẹ́ni kò wá. Kóńsítébù kan wà tó yá a ní ẹ̀wù láti fi bora lóru. Àbúrò mi fẹ́ fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Mo ní kó fi í sápò. Bí wọ́n bá pàdé ní ọjà Ìpàtà lóṣù tó ń bọ̀, kó ra ẹran fún un níbẹ̀, n kò ní í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́gbà yẹn.

Wọ́dírọ́ọ̀bù ti parí, wọ́n ti gbé e lọ. Nígbà tí oníbàárà máa san owó tó kù, ó yọ ₦15,000 kúrò: ó ní iye tí òun fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi ra epo wá mú un nìyẹn, àbúrò mi ló sì fà á. Àbúrò mi gba ìyókù, ó ní òun ti ní iṣẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn tí òun fẹ́ dojú kọ. Èmi ò gbà. Mo ti pe ọkùnrin náà lórí fóònù, ó ní kí n wá mú òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.