Bí Mo Ṣe Wá Àṣìṣe Inú Fíìmù Kan Jáde

Raiders of the Lost Ark ni fíìmù tí mo mú, èyí tí Steven Spielberg darí, tó jáde ní 1981. Mo mú un torí pé ó dárúkọ ọdún tí ìtàn rẹ̀ wáyé: 1936. Fíìmù tó bá ti dárúkọ ọdún ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí kò bá tíì sí láyé lọ́dún náà, tó bá yọjú síbẹ̀, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ wò ó tán bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó, n kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ibi tí ìtàn ń darí ojú òun sí, torí ibi tí wọn ò retí pé kí ojú wa dé gan-an ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí mo padà sí i, mo pa ohùn rẹ̀. Tí òṣèré ò bá ti báni sọ̀rọ̀ mọ́, ojú á bọ́ sára ògiri, sára tábìlì, sára máàpù.

Máàpù yẹn ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Bí Indiana Jones, akọni inú ìtàn náà, ṣe ń fò lọ sí Nepal, ìlà pupa ń rìn lórí rẹ̀. Mo dá a dúró, mo ń ka orúkọ níkọ̀ọ̀kan, ni mo bá kan Thailand. Siam ni wọ́n ń pe ibẹ̀ ní 1936. Ọdún 1939 ni orúkọ yẹn yí padà. Ọkọ̀ òfúrufú tó gbé e gan-an, irú èyí tó ń balẹ̀ sórí omi, Short Solent ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Short Solent gbéra nílẹ̀ ni 1946!

Ti ère wúrà gba bírò lọ́wọ́ mi. Indiana fi àpò yanrìn rọ́pò ère náà kí ìwúwo má baà yàtọ̀, kí pańpẹ́ tó wà níbẹ̀ má baà ta. Ká ní ère náà tó lítà kan, tí kò sì ṣófo nínú, á wọn kílò 19 ó lé díẹ̀. Yanrìn lítà kan kò ju nǹkan bíi kílò 1.6 lọ. Ọkùnrin yìí tún bu yanrìn dànù kó tó gbé àpò sílẹ̀! Òótọ́ ni pé pańpẹ́ náà padà ta, àmọ́ kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n máa ju ère ọ̀hún síra wọn bíi bọ́ọ̀lù.

Ihò ejò ni mo pẹ́ sí jù. Mo sún mọ́ orí wọn dáadáa: lẹ́yìn ojú àwọn kan, ihò etí wà. Ejò kì í ní ihò etí. Alángbá aláìlẹ́sẹ̀ ni wọ́n kó mọ́ ejò. Nínú ihò yẹn kan náà, níbi tí ṣèbé ti gbé orí sókè níwájú Indiana, àwòrán ejò náà hàn lára gíláàsì tó wà láàárín wọn. Nínú DVD tó jáde ní 2003, wọ́n ti pa á rẹ́. Ní tèmi, kí wọ́n fi sílẹ̀ ni ì bá dáa: ó jẹ́ ká mọ̀ pé ejò gidi ni.

Èyí tó le jù ni àwòrán tí kò bára mu. Wọ́n máa ń ya ìran kan ní àyàtúnyà, nígbà míì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọwọ́ wo ló di ife mú, bọ́tìnì mélòó ló ṣí. Síbẹ̀, ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ á mú èyí tí òṣèré ti ṣe dáadáa jù, ife ìbáà kún, ìbáà gbẹ. Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan: fìlà nìkan, tàbí ibi tí ẹ̀wù ti ya nìkan. Ilẹ̀ pàápàá ń yí padà. Nínú Jurassic Park ti 1993, orí ilẹ̀ tẹ́jú ni T. rex, dáínósọ̀ ńlá yẹn, ti fẹsẹ̀ rìn jáde látinú ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò pẹ́, ọ̀gbun jíjìn ti wà lẹ́yìn ọgbà yẹn kan náà, mọ́tò já sínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí mo ń ṣa ohun tí mo kọ, mo fa igi lé iná tó jáde látinú Àpótí Ẹ̀rí, tó yọ́ ojú àwọn ará Jámánì. Ìtàn ti sọ ṣáájú pé agbára wà nínú àpótí náà, torí náà kì í ṣe àṣìṣe. Thailand, Short Solent, ère wúrà àti àwọn alángbá ni mo fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe.