Bí wọ́n ṣe tọ́jú eyín ọmọ mi láìsí abẹ́rẹ́, láìsí máṣíìnì

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ètè ọmọ yín sókè kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ibi tí eyín òkè ti pàdé erìgì. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà funfun kan tí ò dán bí eyín tó kù, ibẹ̀ ni kòkòrò eyín ti ń bẹ̀rẹ̀, kò tíì dá ihò, kò sì ní dun ọmọ rárá. Ti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 4, ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí n tó rí i, méjì iwájú ti di búráùn, ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún sì ti lu díẹ̀.

Àwọn ará ilé ní kí n fi í sílẹ̀, ṣebí eyín wàrà ni, á sáà já. Mi ò gbà o, eyín inú yẹn kì í já títí ọmọ á fi tó bí ọdún 10 tàbí 12, ta ló fẹ́ máa gbọ́ ẹkún òru títí dìgbà yẹn? La bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Tákíé, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín níbí nínú Ògbómọ̀ṣọ́.

Orí itan mi ló jókòó sí. Wọ́n fi Vaseline pa á létè, wọ́n ki òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín kí itọ́ má bàa débẹ̀, wọ́n nu ún gbẹ, wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì tíńtín kan tọ́ oògùn olómi sí i fún bí ìṣẹ́jú kan. Silver diamine fluoride ni, SDF ni wọ́n ń pè é. Fàdákà inú ẹ̀ ló ń pa kòkòrò, fluoride ń mú kí eyín le padà. Ọmọ fajú ro, ó ní, "Mọ́mì, ó dà bí ìgbà téèyàn lá ṣíbí." Ó parí.

Ibi tí ìjà wà nìyí: ibi tó ti kẹ̀ yẹn á dúdú kirikiri, kì í sì í lọ. Wọ́n fi fọ́tò hàn mí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i. (Tó bá kan awọ ara, ìyẹn á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.) Ìyá ọkọ mi rí i, wọ́n ní, "Ẹ gbé ọmọ lọ tún eyín ṣe, ẹ wá kó èédú sí i lẹ́nu!" Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, dúdú yẹn ló ń sọ fún wa pé kíkẹ̀ eyín náà ti dúró." Wọ́n ṣì ń kùn dòní, èmi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọmọ ń jẹ ẹran.

Eyín inú tó lu ńkọ́? Irin ọwọ́ kékeré ni wọ́n fi fá èyí tó ti rọ̀ kúrò, wọ́n po símẹ́ǹtì eyín, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní nǹkan bí ọdún 1985, torí ibi tí ò níná, àwa náà ò sì níná lọ́jọ́ yẹn jàre. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fi SDF àti símẹ́ǹtì yìí sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí láti 2021.

Lẹ́yìn oṣù 6 la máa padà lọ kí wọ́n tún tọ́ SDF sí i. Nílé, pẹ́ẹ̀sìtì tó ní fluoride la fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kó tó sùn (kékeré báyìí o, tí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 3, kó má ju hóró ìrẹsì kan lọ), á tutọ́ dànù, a kì í fomi yọ ọ́, kò sì sí ògì oníṣúgà mọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá ti ń sunkún lóru, tàbí erìgì ti wú tó ń ṣọyún, SDF kọ́ nìyẹn, ẹ tètè gbé e lọ kí dókítà yẹ gbòǹgbò ẹ̀ wò.