Bí A Ṣe Ń Pa Kernel Linux Lẹ́nu Mọ́ Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Tàn

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Under-G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti máa ń tẹ iṣẹ́ wọn jáde, bí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń tan kọ̀ǹpútà léraléra lójúmọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ìlà lẹ́tà funfun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gorí ara wọn lójú dúdú, oníbàárà tó ń dúró yóò sì béèrè pé ṣé ẹ̀rọ náà kò tíì bàjẹ́ báyìí. Kò bàjẹ́. Kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, ló ń dárúkọ ohun tó bá nínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́mórì, dísìkì, káàdì Wi-Fi, kííbọ́ọ̀dù. A lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí ná. Ẹ ṣí terminal, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí:

sudo dmesg --level=emerg,alert,crit,err

Àwọn àṣìṣe tí kernel rí nìkan ni yóò jáde. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, ó wọ́pọ̀ kí ẹ rí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ACPI BIOS Error”. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, irú èyí kì í sábà ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí “I/O error, dev sda”, tó sì ń jáde lemọ́lemọ́, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ kọ́kọ́ da àwọn fáìlì yín kọ sórí dísìkì mìíràn, nítorí ó ṣeé ṣe kí dísìkì náà ti máa kú lọ, ìdákẹ́jẹ́ kò sì ní wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ fún kernel kó lè dákẹ́ nígbà tó bá ń tàn ni “quiet”. Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sí i, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kernel fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 7: 0 ni ti ìjàǹbá tó lè dá ẹ̀rọ dúró, 3 ni ti àṣìṣe, 4 ni ti ìkìlọ̀, 7 sì ni ti àwọn tó ń tún kernel fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré sí èyí tí a fi ṣe ààlà nìkan ló ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ Linux, 4 ni “quiet” fi ṣe ààlà, nítorí náà àwọn àṣìṣe tó jẹ́ 3 ṣì ń kọjá, ACPI tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sì wà lára wọn. “loglevel=3”, tó ń sọ ààlà náà di 3, ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó sọ ọ́ di ti gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ Esc, tàbí kí ẹ di Shift mú bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní UEFI (ètò ìgbàlódé tó ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ), títí ojú ìwé GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde, yóò fi hàn. Ẹ tẹ lẹ́tà e, kí ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “linux”, kí ẹ lọ sí òpin rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí kún un:

quiet loglevel=3

Ẹ jẹ́ kí loglevel gbẹ̀yìn quiet, nítorí èyí tó bá gbẹ̀yìn ni kernel máa ń tẹ̀ lé. Ẹ wá tẹ F10. Bí ohunkóhun bá yí padà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kàn tún ẹ̀rọ tàn. Ohun tí ẹ kọ yóò ti pòórá.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ó ku kí ẹ fi í sínú fáìlì. Lórí Ubuntu àti Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sílẹ̀ ná, kí ẹ tó ṣí i:

sudo cp /etc/default/grub /etc/default/grub.bak
sudo nano /etc/default/grub

Ẹ wá ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, kí ẹ sọ ọ́ di báyìí:

GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT="quiet splash loglevel=3"

Ẹ tẹ Ctrl+O àti Enter láti fi pamọ́, kí ẹ tẹ Ctrl+X láti jáde, kí ẹ sì tẹ “sudo update-grub”. Àṣẹ ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ láìsí i, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń lo Fedora, oríṣi Linux mìíràn, kò nílò fáìlì yìí rárá. Àṣẹ kan ṣoṣo tó o:

sudo grubby --update-kernel=ALL --args="quiet loglevel=3"

Lórí Ubuntu, fáìlì mìíràn tún wà tó ń dá ààlà náà padà sí 4 nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń parí títàn. Àṣẹ yìí ló ń borí rẹ̀:

echo "kernel.printk = 3 4 1 7" | sudo tee /etc/sysctl.d/99-idakeje.conf

Bí ẹ bá tún ń rí ìlà tó ní “[ OK ]” níwájú, kì í ṣe kernel ló ń sọ̀rọ̀ mọ́, systemd ni, ìyẹn ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ yòókù lẹ́yìn kernel. “systemd.show_status=false” lè pa òun náà lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà yín níyànjú láti ṣe é: tí “quiet” bá ti wà níbẹ̀, systemd kì í sọ̀rọ̀ àfi bí nǹkan bá kùnà tàbí tó bá pẹ́ jù, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó sọnù nínú gbogbo èyí. Ojú ẹ̀rọ nìkan ni a pa á mọ́ fún. Kernel ṣì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, “journalctl -k -b” sì ni ẹ ó fi kà á. Ìjàǹbá ńlá tí a ń pè ní kernel panic, tó jẹ́ 0, yóò ṣì hàn. Bí ẹ̀rọ bá wá kọ̀ tí kò tàn dé ibi tí ẹ ti lè tẹ àṣẹ, ẹ padà sí GRUB, ẹ tẹ e, ẹ pa “quiet”, “splash” àti “loglevel=3” rẹ́ kúrò lórí ìlà náà, kí ẹ tẹ F10, kí ẹ sì wo ìlà tó jáde kẹ́yìn kó tó dúró.