Bí A Ṣe Ń Fojú Lásán Wo Ibùdó Òfurufú ISS, àti Pàǹtí Tó Ń Yí Ká Lókè

Láti oṣù November 2000 ni èèyàn ti ń gbé inú ISS, ìyẹn ibùdó àgbáyé tó ń yí ayé po lófurufú, láìdáwọ́ dúró. Nǹkan bíi kìlómítà 400 ló fi ga sí wa, ojú lásán sì tó láti rí i. Kéèyàn mọ àsìkò tó ń kọjá ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Heavens-Above, ìkànnì tó ń sọ àkókò tí ISS máa kọjá, kí ẹ yan ìlú yín, kí ẹ sì yẹ aago ibẹ̀ wò. Ẹni tó wà n'Íbàdàn tó fi í sílẹ̀ lórí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa, á jáde ní wákàtí kan ṣáájú, ọrùn á ro ó, á sì ti wọlé kí ISS tó dé.

Nínú àwọn àkókò tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ mú èyí tí ISS á ti ga tó dígírì 40 sókè lójú ọ̀run. Ní ti ìmọ́lẹ̀, bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe mọ́lẹ̀ tó: -3 dára ju -1 lọ. Òrùlé àti eruku ọyẹ́ ló máa ń bo àwọn tó bá lọ sílẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ má dúró di òru. Ìtànṣán oòrùn tó ń bà á lára là ń rí, nítorí náà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣú bá wa nísàlẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lókè. Lágbègbè tiwa, oòrùn kì í fi falẹ̀ wọ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tó bá wọ̀, tàbí kó tó yọ, lẹ ní.

Láti wọn gíga, ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Fífẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kan tó dígírì 10; ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin léra wọn, 40 nìyẹn.

Ẹ jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ kọjú sí apá ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣẹ́jú, kì í pariwo, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń kọjá. Tí ẹ bá rí iná pupa àti àwọ̀ ewé, bàálù ni. Tó bá sì ṣàdédé pòórá láàárín ojú ọ̀run, òjìji ayé ló wọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí òmíràn tó ń mọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògbólógbòó rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tàkìtì, tí ẹnikẹ́ni ò darí mọ́. Ìyẹn tiẹ̀ sàn, nítorí ó ṣeé rí. ESA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù, fojú bù ú pé pàǹtí tó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lé ní mílíọ̀nù kan lókè. Ní November 2021, nígbà tí Rọ́ṣíà fi ohun ìjà fọ́ sátẹ́láìtì tirẹ̀, Kosmos 1408, ṣe ni àwọn méje tó wà nínú ISS sá wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀ wálé.

Bí pàǹtí tí wọ́n ń ṣọ́ bá fẹ́ sún mọ́ ISS jù, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì láti yẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ á yí díẹ̀, àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá á sì yẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò ó gan-an ni kí ẹ tún àkókò náà yẹ̀ wò.