Ibi Tí Ọwọ́ Méyọ̀ Dé: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹni Tí Yóò Ṣàkóso Ìlú Yín

Ọdún 19 ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga méyọ̀, tí mò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé káńsù ìlú. Méyọ̀ mẹ́rin ló jókòó lórí àga náà níṣojú mi. Ẹni tó dá àbá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, iye ìbò tó gbè é, iye tó takò ó: iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kì í pẹ́ mọ̀ pé ìlérí orí pèpéle àti ìwé tí èèyàn lè fọwọ́ sí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn aládùúgbò á máa bi mí pé, "Màmá, ta ni ká dìbò fún?" N kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà á bi wọ́n pé, kí lẹ fẹ́ kí méyọ̀ ṣe fún yín, ṣé ọwọ́ rẹ̀ sì tó o?

Mo ti jìn sí kòtò yìí rí, kí n tó gba iṣẹ́ káńsù. Òrùlé kíláàsì ọmọ mi ń jò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò méyọ̀ wá síbẹ̀, ó nàka sí òrùlé, ó ní bí òun bá wọlé, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Mo dìbò fún un, ó sì wọlé. Nígbà tí àwa òbí lọ bá a ní ọ́fíìsì, akọ̀wé rẹ̀ ló jáde sí wa. Ó ní ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ òrùlé, pé wọ́n ní owó orí tiwọn, wọ́n sì ní ìbò tiwọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé orúkọ àwọn tó ń du ipò ìgbìmọ̀ náà wà nísàlẹ̀ ìwé ìbò tí mo fàmì sí lọ́jọ́ náà. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo ni, torí mi ò mọ ìkankan nínú wọn.

Torí náà, kí ẹ tó máa wo ojú ẹnikẹ́ni lára pósítà, ẹ wá ìwé òfin tó gbé ìlú yín kalẹ̀. Ó sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ akọ̀wé káńsù. Ẹ má wulẹ̀ kà á tán, oorun á gbé yín lọ. Ẹ wo ẹni tó ń gba àwọn olórí ẹ̀ka síṣẹ́ tó sì lè lé wọn, ẹni tó ń gbé ètò ìṣúná síwájú káńsù, àti bóyá méyọ̀ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí káńsù ṣe.

Orúkọ oyè lè jọra kí agbára má jọra. Ìpínlẹ̀ Texas kan náà ni Houston àti Dallas wà. Ní Houston, méyọ̀ ni ọ̀gá: òun ló ń yan àwọn olórí ẹ̀ka, òun ló sì ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní Dallas, ìbò kan ṣoṣo ni méyọ̀ ní nínú 15 tó wà ní káńsù. Alákòóso ìlú tí káńsù gbà síṣẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni du ìbò, ni àwọn olórí ẹ̀ka ń jábọ̀ fún. Bí olùdíje bá wá sọ nírú ìlú bíi Dallas pé ọjọ́ tí òun bá wọlé ni òun máa lé ọ̀gá ọlọ́pàá, irọ́ ló ń pa tàbí kò mọ iṣẹ́ tó ń wá. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè pa ẹnu àwọn èèyàn pọ̀. Ibi tí méyọ̀ bá ti jẹ́ ọ̀gá, ẹ wádìí àwọn tó máa yàn sípò dáadáa bí ẹ ṣe ń wádìí òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tó ń dùn yín gan-an, kí ẹ sì wá ẹni tó ni í. Méyọ̀ London ló ń ṣàkóso bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kíkó wà lọ́wọ́ àwọn káńsù àdúgbò 32. (Lord Mayor tó ń wọ ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn, ẹlòmíràn nìyẹn o, apá kékeré tí wọ́n ń pè ní City of London nìkan ló wà fún.) Ní New York, ó yí padà: ẹ̀ka tó ń kó ìdọ̀tí wà lábẹ́ méyọ̀, àmọ́ MTA, àjọ ọkọ̀ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ló ni bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Lọ́dún 2025, Zohran Mamdani, tó ń du ipò méyọ̀ níbẹ̀, ṣèlérí pé owó ilé tí òfin ń ṣọ́ kò ní gbéra, àti pé bọ́ọ̀sì á di ọ̀fẹ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 9 tí méyọ̀ ń yàn ló ń pinnu ti àkọ́kọ́. Ti bọ́ọ̀sì ní láti gba ọ̀dọ̀ MTA àti ìjọba ìpínlẹ̀ kọjá. Mi ò yìn ín, mi ò bú u. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìlérí méjì lè ti ẹnu kan jáde, kí ọ̀nà wọn má pàdé.

Ẹ̀bi pàápàá máa ń ṣìnà. Ní Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kúrò lórí omi Detroit bọ́ sórí ti odò Flint, òjé sì bá omi ẹ̀rọ wọ ilé àwọn èèyàn. Alákòóso pàjáwìrì tí gómìnà yàn ló di agbára ìlú mú nígbà náà. Méyọ̀ tó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ti omi Detroit pa níwájú kámẹ́rà, Dayne Walling, ni wọ́n fi ìbò yọ lọ́dún 2015. Mi ò ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ṣáà bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí lórí ìwé ìbò kankan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ jù ni ìwé ìṣúná. Ojú ewé kan péré tó fún yín: ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn yín. Mo rántí ọdún kan tí gbogbo olùdíje ń pariwo pé àwọn máa fowó kún owó ojú títì. Mo ṣí ìwé náà sórí tábìlì mi. Ìlà kan wà fún dídí kòtò, òpó mẹ́ta: iye tí káńsù fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n ná, iye tí wọ́n ń béèrè fún lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fọwọ́ sí. Òpó kejì fi hàn pé èyí tí wọ́n ná kò ju ti ẹgbẹ́ méjì ààbọ̀ lọ. Wọn ò rí awakọ̀ gbà síṣẹ́, torí owó oṣù wọn kéré sí ti àwọn aládàáni. Owó wà nílẹ̀, ọwọ́ ni kò sí. Obìnrin kan ṣoṣo nínú wọn ló ka òpó kejì, ó ní kí wọ́n fi kún owó awakọ̀. Ìbò ò gbè é, ó ṣe mí láàánú títí di òní.

Nínú ọ̀pọ̀ ìlú, owó oṣù, ọlọ́pàá, panápaná, owó ìfẹ̀yìntì àti gbèsè ti gbé èyí tó pọ̀ jù lọ kí méyọ̀ tuntun tó jókòó. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú ná ju owó tó ń wọlé. Torí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ gbé lọ síbi tí àwọn olùdíje bá ti ń dáhùn ọ̀rọ̀: "Nínú ìwé ìṣúná ọdún yìí, èwo lẹ máa dín kù?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá ní ìfowóṣòfò lòun máa dá dúró, ẹ bi í pé lójú ewé wo.

Bí olùdíje bá ti jẹ káńsẹ́lọ̀ rí, ẹ lọ bá akọ̀wé káńsù, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí bó ṣe dìbò. Ti gbogbo ìlú ni ìwé yẹn. Ẹ wo alẹ́ tí káńsù dìbò lórí ìṣúná, bóyá ó wà níjòókòó. Mo mọ ọ̀kan tí kì í pàdánù ayẹyẹ ìṣílé kankan, síbẹ̀ tí "kò sí níjòókòó" fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi.

Ẹ ka iye àwọn tó lè gbè é lẹ́yìn ní káńsù pẹ̀lú. Àwọn 25 ló wà ní London Assembly, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ méyọ̀ London, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì lè yí ìṣúná méyọ̀ padà, nítorí náà bí 9 bá dúró tì í, wọn ò lè yí i padà mọ́. Níbòmíràn, bí àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní káńsù kò bá ju ìdajì lọ, ìlérí rẹ̀ ò ní kúrò lórí bébà.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò pẹ̀lú. Ní Chicago, bí ẹnikẹ́ni ò bá kọjá ìdajì, ẹni méjì tó síwájú á tún bá ara wọn du ú. Lọ́dún 2023, Paul Vallas ló síwájú lákọ̀ọ́kọ́, Brandon Johnson ló padà wọlé. Nínú ìdìbò abẹ́nú New York, ẹ lè to orúkọ tó tó márùn-ún tẹ̀léra. Ẹ má dá ọ̀kan kọ kí ẹ máa lọ.

Bí ẹ bá sì ti fàmì sí ti méyọ̀ tán, ẹ yí ìwé ìbò sẹ́yìn wò. Àwọn káńsẹ́lọ̀ àti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lè wà níbẹ̀.