Ẹ̀yìn ń ro aboyún: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Oyún mi ti wọ oṣù kẹfà. Tí mo bá gbálẹ̀ tán, ṣe ni ẹ̀yìn máa ń ro mí bíi kó já. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ikùn ti yọ síwájú, ó ń fa ìbàdí lọ́wọ́. Oyún tún máa ń jẹ́ kí àwọn iṣan tó so egungun ìbàdí pọ̀ dẹ̀, kí ọmọ lè rọ́nà kọjá, iṣẹ́ wá pọ̀ fún ẹ̀yìn. Ìgbálẹ̀ kúkúrú yẹn ló dá kún un. Ẹ so ó mọ́ igi gígùn kí ẹ lè nàró gbálẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọṣọ, ẹ gbé báàfù sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, torí ìdùbúlẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í wo ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún méjì ń sunkún pé kí n pọn òun.

Ìdáhùn: Kí bàbá rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin náà lẹ́yìn! Tí kò bá sẹ́nì kankan nílé, ẹ má tẹ̀ ba látìbàdí: ẹ lóṣòó, ẹ gbá a mọ́ àyà, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dìde.

Ìbéèrè: Òru ló burú jù. Báwo ni kí n ṣe sùn?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀. Ẹ ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, ẹ fi ìró tẹ́ ẹ ká dáadáa sábẹ́ ikùn. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Tẹ́ ẹ bá jí bá ara yín bẹ́ẹ̀, ẹ kàn yí padà, ẹ má páyà.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lo ibuprofen, ìyá ọkọ mi ní àgbo ni.

Ìdáhùn: Ẹ má lo ibuprofen tàbí diclofenac láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20: ó lè ṣe kíndìnrín ọmọ ní jàǹbá, kí omi tó yí i ká sì dín kù. Paracetamol ni wọ́n sábà ń fún aboyún, ṣùgbọ́n ẹ bi nọ́ọ̀sì yín ná. Àgbo ńkọ́? Ẹ sọ fún màmá pẹ̀lẹ́tù pé nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ má tíì mu ún, kí wọ́n bá yín fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gbé e lé ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sí ọsibítù?

Ìdáhùn: Tí ìrora bá ń wá tó ń lọ bí ìrọbí, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, tí ìtọ̀ bá ń ta yín tí ara sì gbóná, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú. Ẹ má dúró dọjọ́ kílíníìkì, kódà kó jẹ́ òru.